Bí A Ṣe Ń Gbọn Eruku Kúrò Lára Àpò Asẹ́ Gáàsì Láì Ba Àpò Náà Jẹ́

Eruku tó wà lára àpò asẹ́, ìyẹn àpò aṣọ tó ń sẹ́ eruku kúrò nínú gáàsì ilé iṣẹ́, kì í ṣe ọ̀tá. Aṣọ tuntun, bó ti wù kó nípọn tó, kò lè dá eruku kéékèèké dúró dáadáa, torí pé àlàfo tó wà láàárín fọ́nrán rẹ̀ tóbi ju ọ̀pọ̀ eruku lọ. Eruku tó kọ́kọ́ bà lé aṣọ náà ló ń dí àwọn àlàfo yẹn, òun gan-an ló sì ń di asẹ́ fún èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, èépá la ó máa pe ìpele eruku yẹn.

Nítorí náà, a ò gbọ́dọ̀ wá bí àpò yóò ṣe mọ́ fééfé bí aṣọ ìmúròde. Ohun tí à ń wá ni kí èépá tó ti nípọn jù já bọ́, kí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ rẹ̀ sì ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá ń gbọn àpò láìdábọ̀ yóò rí eruku tó ń tú jáde lẹ́nu ṣímínì, àpò rẹ̀ yóò sì tètè gbó. Ẹni tí kò bá sì gbọ̀n ọ́n tó, fáànù yóò máa fà á láìrí i fà, eruku yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú sílẹ̀ níbi tó yẹ kí wọ́n ti máa fà á. Àárín méjèèjì ni iṣẹ́ wà.

Irú asẹ́ tó wà níwájú yín

Asẹ́ tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ gbọ̀n ló wọ́pọ̀ jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó wà níbí dá lé. Gáàsì eléruku máa ń gba ìta àpò wọ inú, eruku á kù síta, gáàsì tó mọ́ á gba ẹnu àpò jáde lókè. Àgò wáyà tó wà nínú àpò ni kì í jẹ́ kí aṣọ pa dé. Ara irin pẹlẹbẹ oníhò ni ẹnu àwọn àpò ti há. Òkè irin yìí ni ìhà tó mọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ìhà eléruku. Lókè ìlà àpò kọ̀ọ̀kan ni páìpù kan wà, ihò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì dojú kọ ẹnu àpò kan. Tí fáàfù bá ṣí, afẹ́fẹ́ á já wọ inú àpò fún nǹkan bí 0.1 sí 0.15 ìṣẹ́jú-àáyá péré.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé afẹ́fẹ́ yẹn ló ń fẹ́ eruku dànù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ wo bí èèyàn méjì ṣe máa ń di ẹní mú lọ́tùn-ún lósì láti gbọ̀n ọ́n: ẹní fò sókè, ó dúró gbì, iyanrìn inú rẹ̀ sì já. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àpò náà nìyẹn. Afẹ́fẹ́ á mú kí aṣọ wú kúrò lára àgò lójijì, aṣọ á nà tán, á dúró gbì, èépá á sì là, á já bọ́. Ìdí nìyí tí kò fi sí èrè kankan nínú kí fáàfù máa ṣí fún 0.5 ìṣẹ́jú-àáyá. Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ yẹn ló ń gbọn àpò. Èyí tó kù, afẹ́fẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ lẹ kàn ń dà nù.

Oríṣi méjì mìíràn wà tí eruku máa ń kóra jọ sí inú àpò dípò ìta. Nínú ọ̀kan, a ó ti yàrá kan pa kúrò nídìí gáàsì, afẹ́fẹ́ tó mọ́ á sì rọra gba ìta àpò wọlé padà kí aṣọ lè súnkì díẹ̀. Nínú èkejì, mọ́tò ló ń mi àpò. Fún èyí tí mọ́tò ń mì, òfin kan ṣoṣo ló ju gbogbo rẹ̀ lọ: gáàsì ò gbọ́dọ̀ máa kọjá rárá nígbà tí mímì bá ń lọ. Bí dámpà kan, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó ń ti ọ̀nà gáàsì, bá ń jò díẹ̀, tí ìfúnpá kékeré sì ṣẹ́ kù nínú àpò, aṣọ á le gan, mọ́tò á mì ín títí, èépá ò ní já. Ẹ kọ́kọ́ yẹ dámpà wò kí ẹ tó dá mọ́tò lẹ́bi.

Géèjì ni yóò sọ ìgbà tó yẹ

Ìyàtọ̀ ìfúnpá láàárín ìhà eléruku àti ìhà tó mọ́ ni ẹ̀rí tó dájú jù lọ. Àpò tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 25 sí 50 mm omi, ìyẹn bí ìfúnpá náà ṣe lè gbé omi ga tó nínú páìpù. Nígbà tí iṣẹ́ bá ti ń lọ, 75 sí 150 mm ni ibi tí ọ̀pọ̀ asẹ́ yìí ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Tó bá ti ń ju 150 lọ, tí kò sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn gbígbọ̀n, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀.

Ó sàn kí gbígbọ̀n máa tẹ̀ lé géèjì ju kó máa tẹ̀ lé aago lọ. Ẹ ṣètò rẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ ní 125 mm, kó sì dúró ní nǹkan bí 100. Tó bá jẹ́ pé táímà nìkan ló wà, ìsinmi 10 sí 30 ìṣẹ́jú-àáyá láàárín ìlà kan sí èkejì ni ẹ máa wá. Kí ìlà tó tẹ̀ léra má sì jẹ́ aládùúgbò ara wọn: tí ìlà kìíní bá ti gbọ̀n, kí ó kan ìkarùn-ún, kó tó kan ìkẹta. Bí ìlà kìíní àti ìkejì bá gbọ̀n tẹ̀ léra, eruku tó ń já bọ́ lára ọ̀kan ni èkejì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ máa fà mọ́ra.

Ṣùgbọ́n géèjì náà lè tan èèyàn jẹ. Páìpù tín-ín-rín tó ń lọ bá a máa ń dí, pàápàá èyí tó wà ní ìhà eléruku. Ẹ yọ páìpù méjèèjì kúrò lára géèjì, ẹ wò ó bóyá ọwọ́ rẹ̀ padà sí 0. Lẹ́yìn náà, ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ páìpù sí apá ara asẹ́, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ sí apá géèjì, torí yóò ba géèjì jẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ìfúnpá sọ̀ kalẹ̀ lójijì kì í sì í ṣe ìròyìn ayọ̀. Ó lè jẹ́ pé àpò kan ti já bọ́ tàbí ti ya.

Ẹ tún ṣírò bí gáàsì ṣe ń yára kọjá aṣọ. Ká ní àpò 400 ló wà, tí ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 0.16 m lẹ́nu, tó sì gùn ní 3 m. Aṣọ ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí 1.5 m², gbogbo rẹ̀ jẹ́ 603 m². Bí fáànù bá ń fa 600 m³ ní ìṣẹ́jú kan, ìyára náà jẹ́ nǹkan bí 1 m ní ìṣẹ́jú kan, ó sì dára: 0.9 sí 1.8 ni irú asẹ́ yìí sábà máa ń gbà. Àmọ́ tí wọ́n bá ti fi ìdérí dí ẹnu àpò 100 torí pé wọ́n ya, 300 tó kù ni yóò máa ru ẹrù yẹn, ìyára á sì di 1.33. Àpò tó ti sún mọ́ òpin agbára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò ní lè tu eruku sílẹ̀ mọ́. Lójú ẹni tó ń wo géèjì, àfi bíi pé àpò ti dí, bẹ́ẹ̀ àpò tó ń ṣiṣẹ́ ló kéré.

Kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun nínú asẹ́

Ẹ pa fáànù, ẹ pa skúrù àti fáàfù oníyíyí tó wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń kó eruku jáde, ẹ fi àgádágodo ti iná wọn, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò ẹni tó fẹ́ wọlé. Ẹ ti afẹ́fẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ pa, kí ẹ sì tú èyí tó wà nínú táǹkì rẹ̀ jáde títí géèjì yóò fi wá sí 0. Fáàfù tó bá ṣí lójijì lè fọ́ etí, ó sì lè ṣe ojú léṣe. Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, ẹ wọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀: ọ́síjìn kò gbọ́dọ̀ dín ní 19.5 tàbí ju 23.5 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì gbọ́dọ̀ sí gáàsì olóró bíi káábọ́ọ̀nù mònósáìdì. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró síta ní gbogbo ìgbà, kò sì gbọ́dọ̀ wọlé láti gba ẹlòmíì là láì ní ohun ìmí tirẹ̀.

Eruku igi, ìyẹ̀fun, ṣúgà, èédú àti alumíníọ́mù lè gbaná, kódà wọ́n lè bú gbàmù nígbà tí wọ́n bá ń fò nínú afẹ́fẹ́. Fún irú eruku bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ohunkóhun. Ẹ̀rọ afàdọ̀tí tí wọ́n ṣe fún eruku tó ń gbaná ni kí ẹ lò, kí wáyà tó so àgò pọ̀ mọ́ ilẹ̀ sì wà lójú rẹ̀. Eruku tó jókòó sínú họ́pà, ìyẹn ìsàlẹ̀ asẹ́ tí eruku ń já bọ́ sí, tún lè máa jó lábẹ́lẹ̀ láìsí èéfín. Ẹ fọwọ́ kan ara họ́pà láti ìta kí ẹ tó ṣí i. Tó bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má ṣí i o, torí afẹ́fẹ́ tó bá wọlé ló máa sọ ọ́ di iná.

Gbígbọ̀n láìyọ àpò

Nígbà tí ìfúnpá bá ti lọ sókè, èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀.

1. Ẹ dáwọ́ gáàsì eléruku dúró, ẹ pa fáànù tàbí kí ẹ ti dámpà yàrá tí ẹ fẹ́ gbọ̀n. Níwọ̀n ìgbà tí gáàsì bá ṣì ń fà, eruku kéékèèké tó já á tún padà lẹ̀ mọ́ ara àpò.
2. Ẹ jẹ́ kí skúrù àti fáàfù oníyíyí máa ṣiṣẹ́. Eruku tó ń bọ̀ yóò pọ̀ ju ti ojoojúmọ́ lọ.
3. Ẹ wo ìfúnpá afẹ́fẹ́ nínú táǹkì. Láàárín 4 sí 6 bar ló wọ́pọ̀. Ìwọ̀n tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kọ ni ẹ ó tẹ̀ lé.
4. Ẹ gbọn gbogbo ìlà ní ẹ̀ẹ̀kan, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún kí eruku rọlẹ̀, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ìdúró yẹn ṣe pàtàkì bíi gbígbọ̀n fúnra rẹ̀.
5. Ẹ dúró ti họ́pà títí yóò fi ṣófo, kí ẹ tó dá fáànù padà. Ẹ ṣí dámpà díẹ̀díẹ̀. Bí gáàsì bá rọ́ lu àpò tí èépá rẹ̀ ti fúyẹ́, eruku á gún wọ inú aṣọ, kò sì ní jáde mọ́.

Bí géèjì bá sọ̀ kalẹ̀, tí kò sì tún gòkè láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rọ̀ ti tán. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ tó tún fò sókè kíákíá, ẹ má tíì fọwọ́ kan àpò. Ohun mẹ́ta ni ẹ máa yẹ̀ wò: afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n ọ́n, họ́pà, àti omi.

Afẹ́fẹ́: ẹ fi etí wá àléébù

Ẹ dúró ti táǹkì afẹ́fẹ́ nígbà tí gbígbọ̀n bá ń lọ, kí ẹ ka ìlà kọ̀ọ̀kan. Fáàfù tó dá ṣáṣá máa ń dún "gbà!", ó sì máa dákẹ́ wẹ́. Tó bá ń dún "fììì" láìdákẹ́, awọ rọ́bà inú rẹ̀ ti ya, tàbí ìdọ̀tí ti há sábẹ́ rẹ̀, ó sì ń jí afẹ́fẹ́ gbogbo ìlà yòókù. Tó bá dún "bùù" lọ́lẹ̀lọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ kò tó, tàbí sípíríìngì inú rẹ̀ ti kú. Tí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ wọn iná tó ń wá sí sólénọ́ìdì, ìyẹn ohun tí iná fi ń ṣí fáàfù: bí iná bá dé tí kò dún, ó lè jẹ́ pé kọ́ìlì rẹ̀ ti jó, bí iná ò bá dé, ẹ lọ wo wáyà àti táímà.

Ẹ tún wo géèjì táǹkì. Yóò já wálẹ̀ bí ìlà kan bá gbọ̀n, ó sì gbọ́dọ̀ ti padà dé ipò rẹ̀ kí èkejì tó gbọ̀n. Bí kò bá tíì padà, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kò tó tàbí ìsinmi kéré jù. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń fi ìyára gbígbọ̀n kún un torí pé àpò dí, ẹ rántí pé gbígbọ̀n tó yá jù lè jẹ́ kí ìkọ̀ọ̀kan rẹ̀ di aláìlágbára. Mo gbà pé ìdí yìí ló ń sọ ọ̀pọ̀ ìṣòro kékeré di ńlá.

Nínú ìhà tó mọ́, ẹ yẹ páìpù tó wà lókè àpò wò. Ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ààrin ẹnu àpò gan-an. Bí ẹnì kan bá gbé e padà ní wíwọ́ lẹ́yìn àtúnṣe, afẹ́fẹ́ á máa lu ẹ̀gbẹ́ aṣọ, àpò á sì lu ní nǹkan bí ìbú ọwọ́ mélòó kan sísàlẹ̀ ẹnu rẹ̀. Tí ẹ bá rí àwọn àpò ìlà kan tí gbogbo wọn lu ní ibì kan náà, páìpù ni kí ẹ tún ṣe.

Họ́pà

Ẹnu ọ̀nà ni họ́pà, kì í ṣe àká. Eruku tó bá ga dé ọ̀nà tí gáàsì ń gbà wọlé yóò tún fò padà sára àpò, yóò sì máa ha ìdí àpò bíi yanrìn. Ẹ má ṣe fi òòlù lu ara rẹ̀ tí eruku bá há. Ibi tó bá ti tẹ̀ nínú ni eruku á tún rí dìrọ̀ mọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ wo rọ́bà fáàfù oníyíyí: tó bá ti jẹ, afẹ́fẹ́ ìta á máa gba ìsàlẹ̀ wọlé, á sì máa gbé eruku tó yẹ kó já bọ́ padà sókè.

Omi ló ń sọ eruku di pákó

Bí ẹ bá fọwọ́ kan èépá tó le bí amọ̀ tó ti gbẹ, omi ti wọ ibẹ̀. Gáàsì gbígbóná máa ń ní oru omi nínú. Bó bá tutù dé ibi tí ìrì ti ń sẹ̀, oru yẹn á di omi lára aṣọ, á sì po eruku pọ̀. Kí ooru gáàsì máa fi ó kéré tán 15 °C ga ju ibẹ̀ lọ, 25 ló sì dára jù. Tí epo tàbí èédú tó ní imí-ọjọ́ bá ń jó, áàsìdì máa ń sẹ̀ ní ooru tó ga ju ti omi lọ fíìfíì, nígbà mìíràn ní 120 °C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà tí wọ́n bá ń tan iṣẹ́ àti ìgbà tí wọ́n bá ń pa á ni ìpalára yìí pọ̀ jù. Ẹ fi afẹ́fẹ́ gbígbóná tó mọ́ mú ilé asẹ́ gbóná kí gáàsì eléruku tó wọlé. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ jẹ́ kí fáànù fa afẹ́fẹ́ gbígbẹ fún ìṣẹ́jú 10 sí 20 kí gáàsì olóru omi tó kù jáde, lẹ́yìn náà kí ẹ pa fáànù, kí ẹ sì gbọn àpò. Ẹ má fi àpò eléruku sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ẹ wá ibi tí ìpẹtà ti ń ṣàn wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Rọ́bà ibẹ̀ ti jò, afẹ́fẹ́ tútù sì ń wọlé. Táǹkì afẹ́fẹ́ náà ní omi nínú: ẹ tú u jáde lójoojúmọ́, kí ẹ sì rí i pé ẹ̀rọ tó ń gbẹ afẹ́fẹ́ ń ṣiṣẹ́. Bí epo kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá ń bá afẹ́fẹ́ jáde, yóò máa tọ́ epo sí inú àpò nígbà gbogbo tó bá gbọ̀n, epo tó bá sì ti mu aṣọ kò ṣeé gbọ̀n dànù. Aṣọ pólíẹ́sítà gba ooru tó tó 130 °C bí gáàsì bá gbẹ, ṣùgbọ́n ooru àti omi pa pọ̀ máa ń jẹ fọ́nrán rẹ̀ títí yóò fi máa ya bíi bébà.

Bí àpò bá gbọ́dọ̀ jáde

Ẹ fi àpò kan ṣe ìrúbọ. Ẹ yọ ọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n lọ́wọ́. Bí èépá bá já bọ́ wẹ́rẹ́, àpò dára, ẹ padà lọ wo afẹ́fẹ́. Bí kò bá já, ẹ fi abẹ gé aṣọ náà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí àwọ̀ eruku bá dúró sí òkè nìkan, fífọ̀ lè gbà á là. Bó bá ti wọlé dé ìdajì tàbí dé ẹ̀yìn aṣọ, owó àpò tuntun ni kí ẹ máa wá.

Kì í ṣe gbogbo àpò ló ṣeé fọ̀. Eruku sìmẹ́ńtì àti ẹfun máa ń le nínú omi. Eruku alumíníọ́mù máa ń tú gáàsì háídírójìn tó ń gbaná jáde tí omi bá kàn án. Àpò tí wọ́n fi fọ́nrán dígí hun máa ń kán níbi tí wọ́n bá ti ká a, nítorí náà ẹ má fún un, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́. Àpò tó ní awọ PTFE (ike tí nǹkan kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́) tẹ́ẹ́rẹ́ lójú kò fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì rárá. Tí eruku náà bá jẹ́ olóró, omi tí ẹ fi fọ̀ ọ́ ti di olóró nìyẹn, kò gbọ́dọ̀ wọ gọ́tà.

Fún pólíẹ́sítà àti pólípúrópílínì tí eruku wọn kò ní ewu nínú omi: ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ afàdọ̀tí fa eruku ìta rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò ju 40 °C lọ pẹ̀lú ọṣẹ olómi tí kò ní bílíìṣì. Ẹ yí inú rẹ̀ padà síta, kí ẹ fi omi tí kò le ṣàn láti ìhà tó mọ́ lọ sí ìhà eléruku. Ẹni tó bá fi omi líle gún ìhà eléruku ti tì eruku wọ inú aṣọ nìyẹn. Ẹ má fún un. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ kọ́ ọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kó gbẹ pátápátá. Lẹ́yìn náà ẹ wọn gígùn àti ìyípo rẹ̀ mọ́ tuntun. Àpò tó ti súnkì yóò le mọ́ àgò, kò ní rí ibi wú sí, kò sì ní gbọ̀n mọ́ láé. Àgò tó ti dípẹtà ni kí ẹ jù nù; ìpẹtà rẹ̀ máa ń ha aṣọ láti inú.

Nígbà tí ẹ bá ń dá àpò padà, ẹ tẹ òrùka irin ẹnu rẹ̀ kó dà bí ẹ̀wà, ẹ fi sínú ihò, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀ kó há tá. Ẹ fi ìka yí i ká: tí ibì kan bá yọ síta, eruku á gba ibẹ̀.

Èépá àkọ́kọ́ àti ìdánwò

Àpò tuntun tàbí èyí tí a fọ̀ kò ní èépá. Ẹ pa gbígbọ̀n, ẹ tan fáànù, kí ẹ da lẹ́bú òkúta ẹfun tàbí lẹ́bú tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí sínú ọ̀nà gáàsì, nǹkan bí 250 g fún m² aṣọ kan. Òun ni yóò jókòó ṣáájú eruku yín.

Láti mọ ibi tó ń jò, ẹ da lẹ́bú tó ń tàn lábẹ́ iná UV (ìtànṣán tí ojú kì í rí) sínú ọ̀nà gáàsì, nǹkan bí 500 g fún 100 m² aṣọ, kí fáànù máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú bíi méjì, kí ẹ sì pa á. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún ti gbogbo nǹkan pa bí a ṣe sọ lókè, ẹ wọ ìhà tó mọ́ pẹ̀lú iná UV nínú òkùnkùn. Ibi tó bá ń tàn yòò ni ihò wà. Bí ẹ bá tún un ṣe lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ lo àwọ̀ mìíràn, kí àmì àkọ́kọ́ má bàa rú yín lójú.

Ẹ má tan gbígbọ̀n padà títí géèjì yóò fi dé 75 sí 100 mm. Bó bá gba ọjọ́ mélòó kan, ẹ jẹ́ kó gbà á, ẹ kàn máa kọ òǹkà géèjì sílẹ̀ ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ.